Ìtọ́wò Yàtọ̀ sí Àjẹyó

Bí ènìyàn bá wọ ọjà ní Ìjẹ̀bú-Igbó láti ra gàárì, kì í ṣe ojú nìkan ni yóò fi rà á. Yóò na ọwọ́ sí inú abọ́, yóò fi ìka mẹ́ta bu díẹ̀, yóò jù ú sí ẹnu, yóò sì dúró díẹ̀ kí ó lè mọ̀ bí ó bá kan tó, bí ó bá sì yan dáadáa. Gàárì Ìjẹ̀bú ni, kíkan rẹ̀ ni ọlá rẹ̀. Ẹni tí kò bá tọ́ ọ wò lè ru èyí tí kò kan lọ sí ilé. Ìyá tí ń tà á kì í bínú, kò sì sí ìyá ológàárì kan tí yóò béèrè owó ìka mẹ́ta náà. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà kan bá gbé odindi kóńgò kan lọ sí ilé, tí ó fi í tẹ ẹ̀bà fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ọmọ rẹ̀, tí gbogbo wọn jẹ, tí wọ́n sì yó, tí ó wá padà ní ọjọ́ kejì láti wí pé, "Ìyá, mo tọ́ gàárì yín wò, kò tẹ́ mi lọ́rùn," gbogbo ọjà ni yóò bá a wí. Kò sí ẹni tí yóò pe èyí ní ìtọ́wò. Àjẹyó ni, ẹni tí ó bá sì jẹ àjẹyó ní láti san owó.

Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni mo fẹ́ fi ṣe àtùpà láti wo ọ̀ràn kan tí ó ti di àṣà láàárín wa, tí a kò sì bi ara wa léèrè bí ó bá tọ́ tàbí kò tọ́. Ọ̀ràn náà nìyí: nígbà tí ẹnì kan bá wá iṣẹ́, tí ọ̀gá sì wí fún un pé, "Wá ṣiṣẹ́ ná, kí n wo ọwọ́ rẹ," ǹjẹ́ ọ̀gá náà jẹ ẹ́ ní owó iṣẹ́ àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà á sí iṣẹ́ nígbẹ̀yìn? Àwọn kan wí pé ó jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn wí pé ẹni tí a kò tíì gbà sí iṣẹ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́, ẹni tí kì í bá sì ṣe òṣìṣẹ́ kò ní owó iṣẹ́ láti gbà. Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù yẹ̀ ẹ́ wò.

Agbègbè wa yìí kì í ṣe aginjù níbi tí iṣẹ́ kò sí. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó a ń la gẹdú, a ń ra kòkó, a sì ń di obì ránṣẹ́ sí òkè Ọya. Ní apá Ogun Waterside, ní Ìbíadé àti Abígi títí dé etí ọ̀sà ní Ìwòpin, a ń pẹja, a ń yan án, a sì ń kó o lọ sí ọjà. Ní Àgọ́-Ìwòyè ni Yunifásítì wà, èyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn dá sílẹ̀ ní 1982, tí a sì fi orúkọ Olabisi Onabanjo pè ní 2001, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà nígbà tí a dá a sílẹ̀. Yunifásítì náà mú ilé oúnjẹ, ilé ìtàwé, ilé ìtẹ̀wé àti ilé-ìwé aládàáni wá sí àyíká rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń jáde nínú rẹ̀ lọ́dọọdún pọ̀ ju àyè tí àwọn ilé wọ̀nyí ní lọ. Níbi tí ènìyàn púpọ̀ bá ti ń wá àyè díẹ̀, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "Wá ṣiṣẹ́ ná kí n wò ọ́" ti ń rọrùn ní ẹnu ọ̀gá.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọmọbìnrin tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó gbọ́ pé ilé-ìwé aládàáni kan ń wá olùkọ́, ó sì lọ fi ara hàn. Wọ́n wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀, wọ́n yìn ín, wọ́n sì wí fún un pé kí ó wá kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta fún ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn lè mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ti rí. Ọmọbìnrin náà ń wọ ọkọ̀ lọ ní òwúrọ̀, ó ń wọ ọkọ̀ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, owó ìyá rẹ̀ ni ó sì ń san. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ó kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ó ń gbé ìwé wọn lọ sí ilé láti yẹ̀ wọ́n wò ní alẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀gá ilé-ìwé wọ inú kíláàsì rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi jáde. Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kẹ́yìn, wọ́n wí fún un pé, "Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí. A ó ránṣẹ́ sí yín." Wọn kò ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ pé olùkọ́ kíláàsì náà ti bímọ, pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó kù kí ó padà sí iṣẹ́ nígbà tí wọ́n pe ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ó sì ti padà. Ìyá rẹ̀ bi mí léèrè pé, "Ta ni wọ́n ń dán wò?" Èmi kò mọ èsì tí mo lè fún un. Nítorí ìbéèrè ìyá yìí ni mo ṣe kọ ìwé yìí.

Ó tún jẹ́ ohun tí ojú mi rí ní ibi ìlagi kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti ẹ̀bá ọ̀sà wá ń wá iṣẹ́. Wọ́n ní kí ó bá àwọn yòókù ru pákó sí inú ọkọ̀ ńlá fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n lè mọ̀ bí agbára rẹ̀ bá gbé e. Ó rù ú fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ọkọ̀ kún, tí ó sì ti lọ sí Èkó, wọ́n wí fún un pé ọwọ́ rẹ̀ kò yá tó. Èmi kò mọ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ bá yá tàbí kò yá; ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé pákó tí ó rù wà lórí ọkọ̀ náà pẹ̀lú ti àwọn yòókù, àti pé oníbàárà tí ó rà á ní Èkó kò san owó tirẹ̀ ní àbọ̀ nítorí pé ẹni tí a ń dán wò ni ó rù ú.

Síbẹ̀síbẹ̀, kò yẹ kí a gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Àwọn ọ̀gá pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣòfo. Èkíní, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí kì í ṣe ọwọ́: ẹnì kan lè ní ìwé tí ó dára kí ó má sì lè dúró níwájú ọmọdé ogójì, ẹlòmíràn lè búra pé òun mọ ẹ̀rọ ìlagi, kí ó sì gé ìka ara rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní. Èkejì, wọ́n ní ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ń ba nǹkan jẹ́, ìbàjẹ́ náà sì jẹ́ owó. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní àwọn kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìdánwò lè gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹrin, wọ́n ní ní ayé àwọn baba wa, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kì í gba owó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó pe èyí ní ìrẹ́jẹ. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí tọ́ sí èsì, n kò sì fẹ́ fò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ti àwọn baba wa, nítorí pé òun ni ó sún mọ́ wa jù. Òtítọ́ ni pé ọ̀nà tí àwọn baba wa ń gbà ṣe iṣẹ́ fún ara wọn láìfi owó san án pọ̀. A ní àáró, nínú èyí tí èmi yóò ro oko rẹ lónìí, tí ìwọ yóò sì ro tèmi lọ́la. A ní ọ̀wẹ̀, nínú èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn yóò bá ẹnì kan kọ́lé ní ọjọ́ kan, tí onílé yóò sì bọ́ wọn yó. A ní ìwọ̀fà, ẹni tí ó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe èlé orí owó tí a yá. A sì ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́, tí yóò sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó gba òmìnira. Ṣùgbọ́n ẹ wo olúkúlùkù wọn dáadáa. Ẹni tí ó ṣe àáró gba ọjọ́ iṣẹ́ padà fún ọjọ́ iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀. Ẹni tí ó lọ sí ọ̀wẹ̀ jẹun, ó sì mọ̀ pé a ó dúró ti òun ní ọjọ́ tí òun bá ń kọ́ tirẹ̀. Ìwọ̀fà pàápàá, tí ìnira rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí inú wa dùn pé ó ti kọjá lọ, owó ti wọ ọwọ́ òun tàbí ti ará ilé rẹ̀ kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan oko olówó. Ní ti ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ó gbé iṣẹ́ náà lọ: ní ọjọ́ òmìnira rẹ̀, ohun tí ọ̀gá mọ̀ ni òun náà mọ̀, òwò rẹ̀ sì ti wà ní ọwọ́ rẹ̀ títí ayé. Bàbá rẹ̀ mọ ọdún tí yóò lò, ọ̀gá sì mọ ohun tí ó jẹ ẹ́.

Nínú gbogbo àṣà wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fi ń lọ sí ilé ní ọwọ́ òfo. Kí ni ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi gbé lọ sí ilé? Ìkọ́ni kọ́ ni ó lọ kọ́, nítorí pé ó ti mọ̀ ọ́n kí ó tó dé ibẹ̀. Àní wọ́n pè é nítorí pé ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá fi ọmọ ìkọ́ṣẹ́ dáhùn ń fi ìyàtọ̀ ńlá pamọ́. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọ̀gá; ṣùgbọ́n nínú ìdánwò ọlọ́sẹ̀ méjì, ọ̀gá ni ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ awáṣẹ́.

Níhìn-ín ni mo rò pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bí ìdánwò kan bá jẹ́ ìtọ́wò tàbí àjẹyó, kì í ṣe gígùn rẹ̀ nìkan ni a ó wò. A ó béèrè pé: èso iṣẹ́ náà, níbo ni ó lọ? Mo mọ káfíńtà kan tí ó máa ń fún ẹni tí ó bá wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní àjákù pákó méjì, yóò sì ní kí ó so wọ́n pọ̀ níṣojú òun. Kò gbà ju wákàtí kan lọ. Nígbà tí ó bá parí, káfíńtà náà yóò yẹ ojú ìsopọ̀ náà wò, yóò sì sọ pákó méjèèjì sí ibi igi ìdáná. Ìtọ́wò nìyí: ohun kan ṣoṣo tí ó jèrè níbẹ̀ ni ìmọ̀ pé ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ tàbí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí ọkùnrin náà kan àga mẹ́fà, tí ó sì gbé àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ sí ọjà, ó ti jèrè ohun méjì: ó jèrè ìmọ̀, ó sì jèrè àga. Ìmọ̀ lè jẹ́ ti ìdánwò. Àga jẹ́ ti iṣẹ́, iṣẹ́ sì ní owó. Kò sí ẹ̀kọ́ tí ó lè sọ àga di ìdánwò nígbà tí owó rẹ̀ wà ní àpò ọ̀gá.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ àìfipámúni yẹ̀ wò. Ọ̀gá wí pé, "Òun ni ó gbà." Òtítọ́ ni, ó gbà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹni méjì bá jọ ṣe àdéhùn, kì í ṣe gbígbà nìkan ni a ń béèrè, a ń béèrè pẹ̀lú bí àwọn méjèèjì bá mọ ohun tí wọ́n gbà sí. Ọmọbìnrin náà gbà pé kí a dán òun wò; kò gbà pé kí òun dí àyè tí kò ṣí sílẹ̀ fún òun. Bí wọ́n bá ti sọ fún un pé, "Olùkọ́ wa yóò padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a kò ní àyè fún yín, ṣùgbọ́n ẹ wá bá wa kọ́ àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́," ta ni yóò gbà? Nítorí náà, ìgbà tí a fi ìrètí tí kò sí fa ènìyàn, gbígbà rẹ̀ kò gbè wá. Àní níbi tí àyè wà ní òtítọ́, a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ẹni tí ebi ń pa kì í ná ọjà dáadáa. Bí ó bá kọ ìdánwò aláìlówó, àwọn mẹ́wàá wà ní ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà á. Àǹfààní tí ọ̀gá ní lórí rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá. Ṣùgbọ́n lílo àǹfààní náà láti gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́ jẹ́ ohun tí ọ̀gá yàn fún ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Ìwé Mímọ́ yóò rántí ìtàn Jákọ́bù nígbà tí ó sá dé ọ̀dọ̀ Lábánì. Ó gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún oṣù kan, lẹ́yìn oṣù náà ni Lábánì pè é, ó sì bi í léèrè bí ó bá tọ́ kí ó máa sin òun lásán nítorí pé ó jẹ́ ìbátan òun, ó sì ní kí ó dárúkọ owó ọ̀yà rẹ̀. Gbogbo wa ni ó mọ irú ènìyàn tí Lábánì jẹ́. Òun ni ó fi Líà rọ́pò Rákélì ní òru, òun kan náà ni Jákọ́bù wí nípa rẹ̀ pé ó yí owó ọ̀yà òun padà nígbà mẹ́wàá. Síbẹ̀, Lábánì yìí mọ̀ pé iṣẹ́ láìsí owó ọ̀yà ní òpin, àti pé ó yẹ kí òun tí òun jẹ́ ọ̀gá kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀. Ohun ìtìjú ni bí àwa bá kéré sí Lábánì nínú ohun kan ṣoṣo tí ó ṣe dáadáa.

Òfin Mósè pàṣẹ pé kí a san owó alágbàṣe tí ó jẹ́ tálákà ní ọjọ́ náà gan-an, kí oòrùn tó wọ̀, ó sì sọ ìdí rẹ̀: ọkàn ọkùnrin náà wà lórí owó yẹn. Kò wí pé kí a wò ó ná bí ó bá tẹ́ wa lọ́rùn. Nínú òwe tí Olúwa wa pa nípa ọgbà àjàrà, baálé ilé náà bá àwọn alágbàṣe pinnu owó kí wọ́n tó wọ inú ọgbà. Nígbà tí ó rí àwọn tí ó dúró ní ọjà títí di wákàtí kọkànlá nítorí pé kò sí ẹni tí ó gbà wọ́n, ó rán wọn lọ sí ọgbà náà, ó sì san owó wọn ní alẹ́. Wákàtí kan péré ni wọ́n lò. Baálé náà kò pe wákàtí náà ní ìdánwò.

Bí ẹnì kan bá wí pé ọ̀rọ̀ ìjọ ni èyí, kí ó wo òfin ìlú pẹ̀lú. Ní 1954, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, fi ṣílè márùn-ún lélẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ọjọ́ kan tí ó kéré jù. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ nílẹ̀ wa pé ọjọ́ kan ní iye. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú àkójọ òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2004, wí pé àdéhùn iṣẹ́ lè jẹ́ ti ìwé tàbí ti ẹnu, ó lè jẹ́ èyí tí a sọ jáde tàbí èyí tí ìṣe wa fi hàn. Nítorí náà, ọ̀gá tí ó rò pé kò sí àdéhùn níwọ̀n ìgbà tí kò sí ìwé ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé owó oṣù tí ó kéré jù lọ sí náírà 70,000. Bí a bá pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 26, ó lé díẹ̀ ní náírà 2,690 fún ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n òfin náà kò kan ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá pé 25, irú ibi iṣẹ́ kéékèèké bẹ́ẹ̀ sì ni ó pọ̀ jù ní ìlú wa. Ohun tí òfin kò bá kàn, ẹ̀rí ọkàn ni yóò kàn án.

Àwọn ará ìlú Òyìnbó pàápàá kò tíì bọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Láti 1998 ni Bírítéènì ti ní òfin owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ. Síbẹ̀, ní 2017, ariwo sọ ní ìlú Glasgow nípa ilé ìtatíì kan tí ó ní kí àwọn awáṣẹ́ ṣiṣẹ́ fún wákàtí 40 láìgba owó. Stewart McDonald, aṣòfin láti ìlú náà, gbé àbá òfin wá láti fi òpin sí ìdánwò aláìlówó. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2018 ni ilé aṣòfin jíròrò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gùn títí àkókò fi tán, àbá náà kò sì kọjá. Lẹ́yìn náà ni ìjọba wọn kọ ìlànà jáde pé ìdánwò tí ó bá ju ọjọ́ kan lọ ṣòro láti pè ní ìdánwò, àti pé ó yẹ kí a wò ó bí iṣẹ́ tí a fún awáṣẹ́ bá ní èrè fún ọ̀gá yàtọ̀ sí dídán an wò. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣé ẹ rí i pé ìbéèrè wọn kò jìnnà sí ti ìyá ológàárì?

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó wúwo ju gbogbo ìyókù lọ, tí ọ̀gá ilé búrẹ́dì kan sọ fún mi láìfi bò. Ó ní, "Tíṣà, bí ẹ bá mú wa sanwó fún gbogbo ẹni tí a dán wò, a kò ní dán àlejò wò mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ni a ó máa gbà, tàbí ẹni tí ènìyàn ńlá bá fi ìwé rán wá. Ọmọ tálákà tí kò mọ ẹnìkan ni yóò pàdánù." Ọ̀rọ̀ yìí kó ìrònú bá mi fún ọjọ́ púpọ̀, nítorí pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Owó yóò dín iye ènìyàn tí a ń dán wò kù. Ṣùgbọ́n kò dín iye àyè kù: ilé búrẹ́dì tí ó nílò ẹnì kan yóò ṣì gba ẹnì kan. Ohun tí yóò dín kù ni iye àwọn tí yóò fi ọjọ́ mẹ́ta po ìyẹ̀fun tí wọn yóò sì lọ ní ọwọ́ òfo. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ta ni ó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣiṣẹ́ láìgba owó? Ọmọ ẹni tí ó ní ni. Ọmọ apẹja tí ó ti Ìwòpin wá kò ní owó ọkọ̀, kò ní ibi tí yóò sùn, kò sì ní ẹni tí yóò bọ́ ọ títí ìdánwò yóò fi parí. Yóò padà sí ilé ní ọjọ́ kẹta, a ó sì wí pé kò ní ìfaradà. Nítorí náà ìdánwò aláìlówó ti ń yan ọmọ olówó tẹ́lẹ̀, kí a tó sọ̀rọ̀ owó rárá. Bí ọ̀gá náà bá ṣàníyàn nípa ọmọ tálákà ní òtítọ́, kí ó fún ẹni mẹ́wàá ní ìtọ́wò wákàtí kan, kí ó sì pe ẹni méjì tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn padà fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, ní owó.

Ní ti ìbàjẹ́, mo gbà pé ẹni tí a kò mọ̀ lè ba ìyẹ̀fun jẹ́. Ṣùgbọ́n èrè àti àdánù kì í gbé ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí búrẹ́dì rẹ̀ bá wú dáadáa, ọ̀gá ni ó ni èrè. Nígbà náà, bí kò bá wú, ọ̀gá ni ó ni àdánù. Ẹni tí ó bá bẹ̀rù àdánù, kí ó dín ìyẹ̀fun tí ó gbé fún un kù, kí ó sì dúró tì í. Bí wọ́n bá sì jọ fi ẹnu kò pé owó ọjọ́ ìdánwò yóò kéré díẹ̀ sí owó òṣìṣẹ́ tí ó ti mọ iṣẹ́, èmi kò rí ìrẹ́jẹ nínú rẹ̀, níwọ̀n bí a bá ti sọ ọ́ ṣáájú.

Ohun tí mo ń wí kò nira láti ṣe. Kí a jẹ́ kí ìtọ́wò kúrú, kí ó jẹ́ níṣojú ẹni tí ń dán ni wò, kí a má sì ta èso rẹ̀. Bí a bá fẹ́ rí iṣẹ́ ju èyí lọ, kí a pè é ní iṣẹ́, kí a dárúkọ owó àti ọjọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kí a san án fún ẹni tí a gbà àti ẹni tí a kò gbà, nítorí pé àìgbà kì í ṣe àìṣe. Kí a má sì dán ènìyàn wò sí àyè tí kò sí. Bí a kò bá sì gba ẹnì kan, kí a sọ fún un ní ojú rẹ̀, kí a sì sọ ìdí rẹ̀, kí ó má baà jókòó sí ilé kí ó máa retí ìránṣẹ́ tí kò ní dé.

Ẹ̀yin awáṣẹ́ pẹ̀lú, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí bo ọ̀lẹ. Ẹni tí ó bá fi ìwé ẹ̀rí ẹlòmíràn wá iṣẹ́, tàbí tí ó pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́, ni ó kọ́ àwọn ọ̀gá ní ìfura. Ẹ béèrè ní ọ̀wọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọjọ́ mélòó ni, kí sì ni owó rẹ̀?" Ọ̀gá rere kò ní bínú sí ìbéèrè yìí, ẹni tí ó bá sì bínú sí i ti dáhùn rẹ̀.

Ní ìparí, àwa olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí pé nínú ilé-ìwé ni àṣà yìí ti ń fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. A ń kọ́ àwọn ọmọ pé olè jíjà burú, pé kí wọ́n má mú pẹ́ńsùlù ẹnì kejì wọn. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta wọ̀nyẹn fẹ́ràn àǹtí wọn tuntun. Wọ́n béèrè rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tí kò wá mọ́. Ọmọdé kì í pẹ́ kí ó tó mọ òtítọ́ ilé tí ó ń gbé. Ní ọjọ́ kan, wọn yóò gbọ́ pé àǹtí náà kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ilé-ìwé sì gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn òbí wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì náà, ṣùgbọ́n àǹtí kò gba kọ́bọ̀. Ẹ̀kọ́ wo ni ẹ rò pé wọn yóò rí kọ́ níbẹ̀?

Ọmọbìnrin náà ti rí iṣẹ́ sí ibòmíràn, ibẹ̀ ni ó sì ti ń kọ́ni títí di òní. Ọ̀gá tí ó gbà á ní kí ó kọ́ kíláàsì kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, òun tìkára rẹ̀ sì jókòó sí ẹ̀yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ó parí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún un ní owó ọkọ̀ kí ó tó mọ̀ bí òun yóò gbà á. Ọ̀gá náà tọ́ gàárì wò bí àwọn ìyá wa ti ń tọ́ ọ wò. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí irú rẹ̀ pọ̀ láàárín wa.